Ìsọ̀kalẹ̀ Ló Ń Dán Orúnkún Wò

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi: kí ló dé tí orúnkún mi kì í yọ mí lẹ́nu nígbà tí mo bá ń gun òkè, tó wá jẹ́ pé ìgbà tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ ni ìrora ń bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí mọ̀ pé lílọ sókè ló ń gba èémí. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Àyà á máa lù, itan á máa gbóná, èèyàn á wá ibi ìsinmi, á jókòó, á mu omi. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orúnkún mi á dákẹ́. Ìgbà tí a bá ti wo ìlú àtijọ́ tó wà lókè tán, tí a kọjú sílé, tí a ò tíì rìn dé ìdajì àtẹ̀gùn, ni nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí ní orúnkún ọ̀tún, lábẹ́ egungun róbótó tó bo iwájú rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ máa ń gun òkè. Ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo wọn fún mi: "Ẹ ra knee guard," ìyẹn ìdè tí wọ́n ń wọ̀ sí orúnkún. Ọ̀kan ní èyí tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ló dára jù, nítorí òun ló le jù. Òmíràn ní bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dè sábẹ́ orúnkún ló gba òun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi tirẹ̀ hàn mí, ó dúdú, ó nípọn, ó máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbà pé olúkúlùkù ń sọ ohun tí ara rẹ̀ mọ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kọ́kọ́ bi mí pé ibo gan-an ló ń dùn mí, ìgbà wo ló sì máa ń dùn mí. Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí ló ń yan ìdè orúnkún fún èèyàn. Líle rẹ̀ kọ́, owó rẹ̀ náà kọ́.

## "Ẹ fi ìka kan ṣoṣo hàn mí, mà"

Ọ̀dọ́kùnrin ni físíò, oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, tó tú ọ̀rọ̀ náà fún mi, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Kò béèrè irú ìdè tí mo fẹ́ rà. Ó ní kí n jókòó, ó wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún mi, ó tì í sọ́tùn-ún, ó tì í sósì, ó fa ojúgun mi síwájú díẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá àwọn okùn iṣan tó so egungun mọ́ egungun ṣì dì í mú dáadáa. Wọ́n dì í mú. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ìka kan ṣoṣo hàn mí ibi tó ń dùn yín."

Mo gbìyànjú. Ìka kan kò tó. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo gbé lé gbogbo iwájú orúnkún náà. Ó ní ohun tí òun fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá lè fi orí ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ egungun iwájú orúnkún, níbi tí okùn iṣan líle kan ti so ó mọ́ ojúgun, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ìta, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìrìn gígùn ló máa ń ta á, tirẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ inú ń dùn, tí orúnkún rẹ̀ máa ń le gbagidi láàárọ̀ kó tó rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé ló ń bá a fínra.

Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí kékeré kan wá, gíga rẹ̀ kò ju àtẹ̀gùn kan lọ. Ó gbé dígí ńlá síwájú mi. "Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró lórí rẹ̀, mà. Ẹ wá tẹ orúnkún yẹn díẹ̀díẹ̀ títí gìgísẹ̀ òsì á fi kan ilẹ̀, kí ẹ tún gbéra padà." Mo ṣe é. Bí mo ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìrora yẹn dé, ìrora Ìdànrè gan-an, nínú yàrá tí kò sí òkè kankan. Bí mo ṣe ń gbéra padà, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Nínú dígí, mo rí i pé orúnkún ọ̀tún mi ń yà sínú, ó ń lọ bá èkejì rẹ̀, ìbàdí mi náà sì ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ tún un ṣe," ó wí. "Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ di ògiri mú, kí ẹ má jẹ́ kí orúnkún yín yà. Ẹ jẹ́ kó máa wo ìka kejì ní ẹsẹ̀ ọ̀tún yín." Mo lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo tẹjú mọ́ dígí. Ìrora náà kò lọ tán, àmọ́ ó dín kù gan-an. Mo tún un ṣe, ó tún dín kù. Mo gbójú sókè wò ó. Kò sí nǹkan kan lára orúnkún mi: kò sí rọ́bà, kò sí irin, kò sí bẹ́líìtì. Bí orúnkún ṣe ń tẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ìgbà yẹn ló wá bi mí ní ìbéèrè tí èmi náà ń bi gbogbo ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra ìdè báyìí: "Kí ni ẹ fẹ́ kó bá yín ṣe, mà?"

## Ohun tí ìsọ̀kalẹ̀ ń ṣe sí orúnkún

Iṣan ńlá tó wà níwájú itan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń lọ àti nígbà tí a bá ń bọ̀. Nígbà tí a bá ń gòkè, ó ń sún kì, ó ń ti ara sókè. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ṣe ló ń nà bó ṣe ń di ara mú kí ara má baà já lulẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tó kó iṣu láti orí òkè wá sísàlẹ̀: ẹ́ńjìnnì ló ṣe wàhálà nígbà tó ń gòkè, búréèkì ló ń ṣe wàhálà nígbà tó ń bọ̀, búréèkì yẹn ló sì ń gbóná.

Egungun róbótó iwájú orúnkún wà láàárín iṣan itan àti okùn tó so ó mọ́ ojúgun. Bí orúnkún bá ṣe ń tẹ̀ sí i lábẹ́ ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni iṣan á ṣe máa tẹ egungun yìí mọ́ egungun itan sí i. Lórí àtẹ̀gùn lásán, agbára tó ń tẹ ibẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ara, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Lítà omi kan sì rèé, kílò kan ni. Ohun tí a bá dì sí báàgì ẹ̀yìn ń wọ inú ìṣirò yìí ní gbogbo ìṣísẹ̀. Kí èèyàn tó wá bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀, iṣan itan yẹn ti rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń gòkè. Iṣan tó ti rẹ̀ kì í lè di orúnkún mú kó tẹ̀ lọ́gbọọgba. Ó ń yà, ibi tó ń yà sí ń ta.

Mo ronú sí àwọn ará Ìdànrè ayé àtijọ́, àwọn tó fi orí òkè yẹn ṣe ilé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó. Wọ́n ń ru igi, wọ́n ń ru oúnjẹ, láti kékeré ni ẹsẹ̀ wọn sì ti mọ òkè náà. Mi ò ní sọ pé orúnkún kò dun ẹnì kankan nínú wọn. Kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé itan tó ń gun òkè lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí itan tèmi, tó ń jókòó sẹ́yìn tábìlì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí mo wá ní kó gun Ìdànrè ní Sátidé.

## Ìdè kan, iṣẹ́ kan

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni èyí tí à ń fà wọ̀ láti ẹsẹ̀, tí kò ní irin tàbí bẹ́líìtì kankan. Ó ń fún orúnkún mọ́ra, ó ń mú un gbóná, ó sì ń jẹ́ kí ọpọlọ túbọ̀ mọ ibi tí orúnkún wà bí a ṣe ń rìn. Ohun tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe nǹkan kékeré, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí òkúta. Ṣùgbọ́n kò lè di egungun mú. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ máa ń yẹ̀ lójijì, tó fi ń fẹ́ ṣubú, kò gbọdọ̀ gbára lé e.

Fún ìrora iwájú orúnkún bíi tèmi, èyí tí ihò wà níwájú rẹ̀ ni físíò ní kí n wò. Rọ́bà róbótó kan yí ihò náà ká láti inú, egungun iwájú orúnkún á jókòó sáàárín rẹ̀, bẹ́líìtì á wà lókè, òmíràn á wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rọra darí egungun yẹn bí orúnkún ṣe ń tẹ̀ tó sì ń nà. Ó sọ òótọ́ fún mi, mo sì mọrírì rẹ̀: ìwádìí kò tíì fi hàn dájú pé ó ń ṣe ju eré ìdárayá lọ. Àtúpalẹ̀ ìwádìí tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé jáde ní 2015 lórí ìdè fún irú ìrora yìí rí i pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lágbára rárá. Èyí kò ní kí èèyàn má lò ó. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹni tó bá rà á wò ó lára ara rẹ̀: bí ìsọ̀kalẹ̀ bá rọrùn sí i nígbà tó wọ̀ ọ́, kó máa wọ̀ ọ́, bí kò bá sí ìyàtọ̀, kò sídìí tó fi yẹ kó máa gbé e kiri.

Bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi yìn wà fún ẹni tó lè fi ìka kan tọ́ka sí abẹ́ egungun iwájú orúnkún. Ó ń tẹ okùn iṣan tó wà níbẹ̀ kí gbogbo ipá má baà bọ́ sí ojú kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fò sókè nínú eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló mọ irú ìrora yẹn. Ó fúyẹ́, kò gbóná, ó ń wọ àpò. Bí irú ìrora yẹn bá ló ń ṣe èèyàn, kó má wulẹ̀ ra ohun ńlá.

Èyí tó ní irin àti hínjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni gbogbo èèyàn rò pé ó jẹ́ ọ̀gá. Ẹni tí okùn iṣan ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ ti fà tàbí tó ti ya, bóyá níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ni wọ́n ṣe é fún. Irin yẹn ń dènà kí orúnkún má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí okùn iṣan ẹ̀gbẹ́ orúnkún èèyàn bá ṣì dì í mú, kò sí ohun tí irin náà fẹ́ dè. Ó wúwo, ó ń gbóná, ó máa ń yọ̀ sísàlẹ̀ lórí ìrìn gígùn, ó sì lè jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ gbójúgbóyà lórí òkúta tí kò yẹ kó tẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má rà á láìjẹ́ pé dókítà tàbí físíò ti fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀.

Irú kan tún wà tó máa ń wọ́n jù lọ, tí wọ́n sábà máa ń wọn sí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ lò ó. Ó ń ti orúnkún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹrù lè kúrò lórí ẹ̀gbẹ́ tí làkúrègbé ti jẹ, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú. Ìlànà ti 2019 láti ọwọ́ American College of Rheumatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí irú ìdè tó ń gbé egungun itan àti ti ojúgun ró fún ẹni tí làkúrègbé orúnkún bá ti ń dí ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́ gan-an, bó bá lè fara da ìnira wíwọ̀ rẹ̀. Fún ìdè ti iwájú orúnkún, ìfọwọ́sí wọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

## Téèpù télọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ìdè bí ẹni ra fìlà: ṣé ó kéré ni, àbí ó tóbi? Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òdiwọ̀n tirẹ̀. M ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ L ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan ń wọn àárín orúnkún. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ kúrò ní àárín orúnkún, kí ẹ lọ sókè sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ wọn itan yíká, kí ẹ tún lọ sísàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ wọn ẹsẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹsẹ̀ nà, àwọn kan ní kó tẹ̀ díẹ̀. Téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò ló dára jù fún un. Ohun tí ìwé tó bá ìdè náà wá bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ẹ sì wọn ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kì í sábà dọ́gba.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin, itan wa kún, ẹsẹ̀ wa sì tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Ìdè tí kò ní bẹ́líìtì kì í dúró lára irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn tó rìn jìnnà, ó ti ká jọ sẹ́yìn orúnkún, ó ti ń gé awọ. Bí a bá sì ra èyí tó kéré kó má baà yọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ohun tó yẹ irú ẹsẹ̀ yìí ni èyí tó ní bẹ́líìtì ọ̀tọ̀ fún òkè, ọ̀tọ̀ fún ìsàlẹ̀, tí Velcro rẹ̀, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra, ṣeé tú, tó sì ní ìlà rọ́bà nínú tó ń di awọ mú.

Kí ẹ tó gbé e lọ sí òkè, ẹ wọ̀ ọ́ nílé. Ẹ lo àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ lọ, ẹ bọ̀, kó pẹ́ díẹ̀ lára yín. Ẹ jókòó, ẹ lóṣòó, ẹ kúnlẹ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù, bí ó bá ń ṣe yín bíi pé nǹkan ń rìn lára ẹsẹ̀, bí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ń wú, ẹ tú u. Ẹni tó ń tà á tí kò bá jẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

## Ooru wa kọ́ ni wọ́n fi dán an wò

Neoprene, rọ́bà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìdè orúnkún, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ àwọn tó ń wọ inú òkun tútù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí ooru ara jáde. Nílẹ̀ òtútù, àǹfààní ni. Ní Adó-Àwáyè, bí oòrùn bá ti ràn sórí òkúta tí èèyàn ń gùn lọ sí adágún Ìyákẹ̀, òógùn á kún inú rẹ̀, awọ á máa yún, ó sì lè bó. Àwọn èèyàn kan tún wà tí kẹ́míkà inú rọ́bà náà kì í bá lára mu rárá; ara wọn máa ń sú. Èyí tí wọ́n fi òwú ọ̀rá hun, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ló dára fún ilẹ̀ tiwa. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ń ta sí èèyàn lára láti ìpele dé ìpele, ó máa ń tètè gbẹ ju rọ́bà lọ.

Ara awọ ló ń gbé, kì í ṣe orí ṣòkòtò. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sá a síbi tí òòjì wà. Èmi kì í wọ̀ ọ́ lọ sókè mọ́. Inú báàgì ló ń gbé títí a ó fi dé òkè. Nígbà tí a bá ti sinmi, tí mo ti nu òógùn ẹsẹ̀ mi gbẹ, ni mo ń wọ̀ ọ́, torí ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tí mo rà á fún bẹ̀rẹ̀. Físíò náà ní kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀.

## Ohun tí kò sí lọ́jà

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tó ń ṣe orúnkún mi wà nínú itan àti ìbàdí. Físíò ní kí n máa dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kí n na ẹsẹ̀ kan, kí n gbé e sókè gbọọrọ, kí n dá a dúró, kí n rọra gbé e sílẹ̀. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n máa gbé ẹsẹ̀ òkè sókè, kí ìbàdí lè lágbára láti di orúnkún mú kó má yà sínú. Lẹ́yìn náà ni ti àpótí, ohun tí mo ṣe níwájú dígí lọ́jọ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kò sí iṣan tó ń lágbára lọ́sàn-án kan òru kan.

Ọ̀pá ìrìn náà wà. Ní 1999, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Schwameder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Salzburg, ní Austria, wọn ipá tó ń bọ́ sí orúnkún àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n lo ọ̀pá méjì, ipá náà dín kù pẹ̀lú ìdá 12 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pá oparun méjì tó dọ́gba, tí wọ́n fi rọ́bà wé ìdí rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò rí owó ọ̀pá òyìnbó. Ti ìwúwo ara sì ń kọ́: ìwádìí Messier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005, lára àwọn àgbàlagbà tó sanra tí wọ́n ní làkúrègbé orúnkún, fi hàn pé kílò kan tí èèyàn bá jò ń gbé nǹkan bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fi bàtà tó ń di ilẹ̀ mú kún un, àti ìṣísẹ̀ kúkurú. Ẹni tó ń fò láti òkúta dé òkúta kí ó lè ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló ń san owó yẹn.

Àwọn orúnkún kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ìdè kankan bò: èyí tó wú láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó yí, èyí tó há tí kò ṣeé nà, èyí tó ń yẹ̀ tí kò sì gbé èèyàn dúró, èyí tó gbóná tí ibà sì bá a wá. Bí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì sì ni. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni pé ìrora orúnkún lè wá láti oríkèé ìbàdí. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), tí orúnkún ń dùn láìsí pé ó ṣubú, kó jẹ́ kí dókítà yẹ ìbàdí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Àrùn náà máa ń ba orí egungun itan jẹ́.

## Orúnkún tí a fi ń kúnlẹ̀

Ìbéèrè kan tí físíò bi mí ṣì wà lọ́kàn mi: "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń kúnlẹ̀ lójúmọ́, mà?" Nílẹ̀ wa, orúnkún kì í ṣe ti ìrìn nìkan. Obìnrin ń fi í kí àgbà, Mùsùlùmí ń fi í forí kanlẹ̀ ní ìrun márààrún, onígbàgbọ́ ń fi í gbàdúrà. Ibi tí ìsọ̀kalẹ̀ ń tẹ̀ ni ìkúnlẹ̀ ń tẹ̀. Mi ò tíì ka ìwé ìlànà kankan tó bá ìdè orúnkún wá tó sọ̀rọ̀ nípa kíkúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Àwa la máa bi ara wa: ṣé irin rẹ̀ kò ní gún mi, ṣé kò ní ká jọ sẹ́yìn orúnkún nígbà tí mo bá kúnlẹ̀?

Mo wá ń wo àwọn ìyá wa lọ́nà mìíràn. Wọn kò gun Ìdànrè, ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà nílé wọn, dáńfó gíga wà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún bá di ògiri mú kó tó lè dìde níbi tó kúnlẹ̀ sí, a ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ọjọ́ orí ni." Òun náà á ní ọjọ́ orí ni. Á wá máa lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú oògùn yẹn lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ bí wọ́n bá ń lò ó pẹ́. Ọjọ́ orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pè é lọ́jọ́ orí, a kì í béèrè nǹkan kan mọ́. Kò sẹ́ni tó máa ní, "Mọ́mì, ẹ fi ìka kan hàn mí."

Àwọn ọmọ tó wà ní London àti Houston ń gbìyànjú. Bí Mọ́mì bá ti ní orúnkún ń dun òun lórí fóònù, ìdè orúnkún á bá ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ìfẹ́ ni, inú Mọ́mì á sì dùn débi pé á máa wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo, bó fún un, bó tóbi jù. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, àmọ́ ìyá tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kì í sábà sọ ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ fi fóònù tó ń fojú hàn pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka ibi tó ń dùn. Ẹ béèrè bóyá ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ ni, àbí àárọ̀ kùtùkùtù, àbí òru tí wọ́n dùbúlẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ tó wà nílé fi téèpù wọn orúnkún méjèèjì bí ìwé òdiwọ̀n ìdè náà ṣe sọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó yà á ní fọ́tò fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró díẹ̀, kí wọ́n di àga mú. Bí orúnkún kan bá wú ju èkejì lọ, tàbí tí kò gbé wọn dúró, ẹ má tíì ra ìdè kankan. Owó ọkọ̀ àti owó dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.